Lẹ́tà ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: òfin ọdún 2018 kò tíì dé orí káńtà àgọ́ ọlọ́pàá

Ẹ̀yin aṣòfin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ẹ ń ṣojú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpérò.

Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ògbufọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà mí fún. Èmi ni mo máa ń ka ẹ̀sùn ní Yorùbá sí etí ẹni tó bá dúró nínú àpótí, màá bi í bóyá ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi, màá sì sọ èsì rẹ̀ fún májísíréètì. N kì í ṣe lọ́yà, n ò sì ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Ẹ bá wa béèrè ní gbangba bóyá àwọn májísíréètì ìpínlẹ̀ yìí ń lọ sí àwọn àgọ́ ọlọ́pàá lóṣooṣù láti wo ẹni tó wà ní àtìmọ́lé, bí òfin ṣe ní kí wọ́n máa lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ará ìlú máa rí ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín. Ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé.

Ní 2018 ni ìpínlẹ̀ wa ní òfin tuntun lórí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀ràn, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJL. A ò ṣáájú, a ò sì gbẹ́yìn. Èkó ló bẹ̀rẹ̀ ní 2007, Anambra tẹ̀lé e ní 2010, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2014. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ACJA. Oǹdó ṣe tiwọn lọ́dún náà, Ọ̀yọ́ ní 2016, Ògùn ní 2017. Ohun tí à ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn òyìnbó ló fi í sílẹ̀ fún wa, àwa tí a sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà mọ bó ṣe rí. Ọlọ́pàá á gbé èèyàn wá síwájú májísíréètì lórí ẹ̀sùn tí májísíréètì kò láṣẹ láti gbọ́. Májísíréètì á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà títí ìmọ̀ràn yóò fi dé láti ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́. Fáìlì á lọ, kò ní bọ̀. Ẹni tó wà ní Iléṣà á máa ka oṣù, oṣù á di ọdún.

Òfin tuntun ní ká jáwọ́ nínú ìyẹn. Nínú ti ìjọba àpapọ̀, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó tẹ̀lé e fi ṣe àwòkọ, ọjọ́ 14 ni kọ́ọ̀tù lè kọ́kọ́ fi èèyàn pamọ́ kí wọ́n tó mọ ẹ̀sùn tí wọ́n máa fi kàn án. Bí ìdí bá wà, wọ́n lè fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò àgbà kí wọ́n wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní tú u sílẹ̀. Òfin náà ní kí ìgbẹ́jọ́ máa lọ lójoojúmọ́. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí ìhà kọ̀ọ̀kan má gbà ju ìsúnsíwájú márùn-ún lọ, kí àárín ọ̀kan sí èkejì má sì ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Òfin tó dára ni. Ẹni tó bá jókòó sí kọ́ọ̀tù fún ìgbà pípẹ́ ló máa mọ bó ṣe dára tó, torí a ti rí ẹjọ́ adìẹ tí wọ́n sún síwájú títí tí ẹni tó ni adìẹ fi kú.

Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù kọ́ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ni, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́. N ò ní dárúkọ téṣàn kankan nínú lẹ́tà yìí, torí kì í ṣe ẹnì kan ni mò ń bá jà, ìwà ibi gbogbo ni.

Ẹ bá mi wo orí káńtà. Pákó tí ìgúnpá ti mú dán ni. Ìwé ńlá kan wà lórí rẹ̀, wọ́n fi okùn so báírò mọ́ ọn. Wọ́n á ní kí ẹni tí wọ́n mú bọ́ bàtà àti bẹ́líìtì, kí ó kó fóònù àti owó inú àpò rẹ̀ kalẹ̀. Òfin ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí òun àti ọlọ́pàá jọ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà kan. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti débẹ̀ rí bóyá wọ́n fún un ní ìwé kankan. Lára ògiri tó wà lẹ́yìn káńtà, àkọlé kan wà níbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni bélì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá tó gbé kúlà oúnjẹ wá fún ọmọ rẹ̀ dúró níwájú àkọlé yìí gan-an, ó ń bi ọlọ́pàá léèrè iye tí bélì máa jẹ́, ọlọ́pàá náà sì ń dá a lóhùn.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò fi ọ̀rọ̀ àkókò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rò. Abala 35 ní bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Ta ló máa sọ fún mi pé kò sí kọ́ọ̀tù láàárín kìlómítà 40 sí Òkè-Bàálẹ̀, tàbí sí Ìgbọ̀nà, nílùú Òṣogbo yìí? Ìpínlẹ̀ wa kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí ọjọ́ Jímọ̀ túmọ̀ sí. Bí èèyàn bá fẹ́ fìyà jẹ aládùúgbò rẹ̀, ọ̀sán Jímọ̀ ló máa lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kí wọ́n lè mú un kí ilẹ̀ tó ṣú, kó di ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Tí ọjọ́ Ajé bá wá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn.

Kí ló sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn débẹ̀? Gbèsè. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Owó àjọ, owó ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀, owó ọjà tí wọ́n gbà láwìn, owó ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ẹni méjì. (Ti ilẹ̀ yẹn lè di ọ̀ràn lóòótọ́, àwọn mẹ́ta ìṣáájú ni mò ń bá wí.) Nílẹ̀ yìí láyé àtijọ́, ẹni tí a jẹ lówó máa ń dógò ti ajigbèsè ni. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ káàkiri ló sọ ọ́ di òṣómàáló: wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ títí o fi máa sanwó. Lóde òní, ẹni tó fẹ́ gbowó kò ní ìdí láti lóṣòó. Ó kàn máa gba téṣàn lọ ni, yóò fún wọn ní owó epo ọkọ̀, ọlọ́pàá yóò sì bá a lóṣòó. Mo mọ ìdí rẹ̀ o. A kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹjọ́ gbèsè ní kọ́ọ̀tù sì máa ń pẹ́ ju gbèsè náà lọ. Ṣùgbọ́n òfin 2015 ti ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni lórí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Òfin ọlọ́pàá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2020 tún un sọ.

Ti baba tí wọ́n mú dípò ọmọ náà ńkọ́? Ọmọ sá lọ, wọ́n mú baba. Ọkọ sá lọ, wọ́n mú ìyàwó pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ayé ìwọ̀fà ti kọjá lọ, òfin sì kà á léèwọ̀ láti mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíràn. Mo rántí bàbá kan tó dé kọ́ọ̀tù wa pẹ̀lú ẹ̀sùn pé ó dí ọlọ́pàá lọ́wọ́ iṣẹ́. Nígbà tí mo ka ẹ̀sùn náà sí i létí, ó ní, “Ẹ bá mi bi wọ́n, ẹ̀yin akọ̀wé, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá mi láàárọ̀ kùtù?” Gbogbo kọ́ọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. Májísíréètì náà rẹ́rìn-ín, ó sì tú bàbá náà sílẹ̀ ní bélì lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin ní sẹ́ẹ̀lì kó tó dé iwájú wa. Bí májísíréètì kan bá ti yọjú sí téṣàn yẹn lọ́sẹ̀ náà, ta ni yóò gbé bàbá yẹn wá sí kọ́ọ̀tù?

N ò lè má sọ ti ìwé tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ẹni tí wọ́n mú, torí iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn. Ẹni náà á sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Ọlọ́pàá tó ń wádìí á máa kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní kí ó tẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìyẹn, nínú kọ́ọ̀tù, wọ́n á gbé ìwé náà fún mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo ti dúró ti ọmọkùnrin kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, mò ń ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ “sọ” fún un, ojú rẹ̀ sì ń yí padà bí mo ṣe ń kà á. Ìwé náà ní òun àti àwọn méjì kan ló jọ gbìmọ̀, ó dárúkọ wọn, ó dárúkọ ilé ọtí tí wọ́n ti pàdé. Ọmọ náà ní òun ò mu ọtí rí láyé òun, Ìmàle ni òun, àti pé ìgbà àkọ́kọ́ tí òun máa gbọ́ orúkọ àwọn èèyàn yẹn nìyí. Bí ẹni náà bá sì ní wọ́n fipá gba ìwé náà lẹ́nu òun, adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ gan-an dúró kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí ìwé yẹn, bóyá wọ́n fipá gbà á àbí wọn ò fipá gbà á. Ẹjọ́ ti wá bí ẹjọ́. Èyí nìkan lè gba ọdún kan.

Òfin tuntun ti pèsè oògùn rẹ̀. Ó ní bí ẹni náà kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ògbufọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n kà á padà fún un títí yóò fi yé e, kí ògbufọ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Ó ní lọ́yà lè wà níbẹ̀, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí ẹni tó bá wu ẹni tí wọ́n mú. Ó ní wọ́n lè fi fídíò gbà á sílẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá kan ní Òṣogbo báyìí tí kò ní fóònù tó lè gba fídíò. Mo ti rí i tí wọ́n ń fi fóònù náà wo bọ́ọ̀lù lórí káńtà.

Ẹ ò rí i pé gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, òfin ti dá sí i tán. N ò bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe òfin tuntun lórí ìkankan nínú wọn. Ohun tó kù ni ẹni tó máa lọ wò ó. Àwọn tó kọ òfin 2015 mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi í sínú rẹ̀. Abala 33 ní kí ọ̀gá téṣàn kọ ìwé sí májísíréètì tó sún mọ́ ọn jù lọ ní òpin oṣù, kí ó ka gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìní ìwé àṣẹ kọ́ọ̀tù, yálà wọ́n ti fún wọn ní bélì tàbí wọn kò tíì fún wọn. Abala 34 ní kí májísíréètì àgbà, tàbí ẹni tí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ bá yàn, lọ bẹ àwọn àgọ́ ọlọ́pàá wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, títí kan ibikíbi tí wọ́n bá ń ti èèyàn mọ́ yàtọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Tó bá débẹ̀, ó láṣẹ láti ní kí wọ́n gbé ìwé ńlá orí káńtà yẹn wá. Ó láṣẹ láti fúnni ní bélì lórí ìdúró. Ó láṣẹ láti ní kí wọ́n gbé ẹni tó yẹ wá sí kọ́ọ̀tù. Ọ̀gá téṣàn tó bá kọ̀ láti gbé ìwé jáde ti ṣẹ̀ sí òfin iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní ìjìyà. Òfin ọlọ́pàá 2020 tún fi irú àbẹ̀wò kan náà sínú tirẹ̀.

Ẹ wò ó bí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ṣe rọrùn tó. Kí májísíréètì kan wọ téṣàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó jókòó, kí ó ní kí wọ́n ka orúkọ. “Ta nìyí? Ọjọ́ wo lẹ mú un? Kí ló ṣe?” Bí wọ́n bá ní owó àjọ ló jẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí wọ́n bá ní ọmọ rẹ̀ ni àwọn ń wá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá tó gbé kúlà dání kò nílò lọ́yà, kò sì nílò ẹ̀gbọ́n kan tó mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ṣé àbẹ̀wò yìí ń wáyé ní Ọ̀ṣun? Bó bá ń wáyé, àwa ará ìlú kò rí i, a kò gbọ́ ọ lórí rédíò, kò sí ibi tí wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ béèrè. Mo sì mọ ohun tó lè máa dá àwọn májísíréètì dúró, torí mo bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju wọn lọ. Àwọn kan ń fi ọkọ̀ tara wọn rìn, wọ́n ń ra epo lápò ara wọn, bẹ́ẹ̀ epo kì í tún ṣe ohun tí à ń rà ní owó pọ́ọ́kú mọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹrin 2021, tí kọ́ọ̀tù sì wà ní títì fún nǹkan bí oṣù méjì, ta ló rántí àwọn tó wà ní sẹ́ẹ̀lì? Ojú tún wà ńbẹ̀: ọ̀gá téṣàn tí májísíréètì máa lọ yẹ̀ wò lọ́jọ́ Ajé, òun náà ló máa rán ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ kọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹnu dùn ún ròfọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n owó epo àti ọkọ̀ wà lọ́wọ́ yín nínú ìṣúná. Ẹ jẹ́ ká rí i níbẹ̀ ní ìlà tirẹ̀: owó àbẹ̀wò àtìmọ́lé.

Ẹ ó ní ọlọ́pàá kì í ṣe ti ìpínlẹ̀, Àbújá ni àṣẹ wọn ti ń wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n májísíréètì, ti ìpínlẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ tó wà ní Abẹ́rẹ́, ti ìpínlẹ̀ ni. Abala 128 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì fún yín lágbára láti ṣe ìwádìí lórí ẹnikẹ́ni àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó bá ń mú òfin tí ẹ ṣe ṣẹ. N ò ní kí ẹ dá sí ìdájọ́ ẹnikẹ́ni, èyí tí adájọ́ bá dá, ó ti dá a. Iye ẹni tí wọ́n bá ní sẹ́ẹ̀lì àti iye ọjọ́ tí wọ́n ti lò níbẹ̀ ni mo ní kí ẹ béèrè. Kí wọ́n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kàn sọ iye.

Bí ẹ bá sì tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Àbújá ṣe àwáwí, Àmọ̀tẹ́kùn ńkọ́? Ilé yín ló ṣe òfin rẹ̀ ní 2020. Owó wa lẹ fi ń san owó oṣù wọn. Mo fẹ́ràn Àmọ̀tẹ́kùn, n ò ní purọ́, àwọn àgbẹ̀ ń sùn díẹ̀ nítorí wọn. Ṣùgbọ́n òfin ní ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọlọ́pàá tó bá mú afurasí gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara, abala 34 sì ní kí májísíréètì dé gbogbo ibi tí wọ́n bá ń ti èèyàn mọ́. Ṣé wọ́n ń dé ibẹ̀? Ìyẹn kò kan Àbújá rárá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á máa sọ ní ìdí ọ̀pọ́n ayò bí wọ́n bá ka lẹ́tà yìí: pé àwọn ọ̀daràn ni mò ń gbèjà, pé wọ́n á mú olè lónìí, yóò jáde lọ́la. Ó yé mi. Wọ́n ti jà mí lólè rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá aránṣọ kan fún yín. Wọ́n jí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gbé, oríire ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá rí i gbà padà. Wọ́n ní ẹ̀rí ni, kò lè gbé e lọ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn téṣàn, lábẹ́ páànù tó ń jò. Lónìí, ọkọ̀ tó ń gbé olè náà bọ̀ láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà kò ní epo. Lọ́la, ọlọ́pàá tó jẹ́ ẹlẹ́rìí, wọ́n ti gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìyá náà ń pa ṣọ́ọ̀bù tì wá sí kọ́ọ̀tù nígbà gbogbo tí wọ́n bá dá ọjọ́, títí ó fi ní òun ò wá mọ́. Ẹjọ́ túká nítorí pé ẹlẹ́rìí kò yọjú. Olè náà lọ sílé. Ẹ̀rọ ti dípẹtà. Olè gba òmìnira, ẹni tí wọ́n jà lólè ló jìyà. Ètò tó ń ti aláìṣẹ̀ mọ́lé náà ló ń tú olè sílẹ̀, torí àyè tí wọ́n fi ń ti ajigbèsè mọ́lé ló yẹ kí wọ́n fi ṣe ìwádìí ẹjọ́ olè.

Nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n, ṣókí ni màá sọ. Àtúnṣe sí ìwé òfin ní oṣù Kẹta 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ní ọgbà àtúnṣe tirẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí èyí má jẹ́ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sáré sí. Nínú ẹni mẹ́wàá tó wà ní àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, ó lé ní mẹ́fà tí kọ́ọ̀tù kò tíì dá lẹ́bi ohunkóhun. Bí a bá kọ́ ọgbà tuntun láìṣe nǹkan sí káńtà, yóò kún. Òfin ọgbà àtúnṣe ti 2019 àti ACJA ti fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n fún ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké. Gọ́tà tó wà láti Ọjà Ọba dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tó iṣẹ́ ṣe.

Àti àfihàn afurasí lórí tẹlifíṣọ̀n: Èkó ti fi òfin dè é ní 2021. Kí Ọ̀ṣun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gba owó kankan.

Ohun kan tún kù tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí, ti àwọn obìnrin ni. Títí di òní, wọ́n ṣì ń sọ fún àwọn ìyálọ́jà ní orí káńtà pé wọn kì í gba obìnrin ní onídùúró. Irọ́ pátápátá ni. Òfin 2015 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró nítorí pé obìnrin ni. Ìyálọ́jà tó ní ilé tó ní ṣọ́ọ̀bù máa lọ bẹ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí kò ní nǹkan kan, pé kí ó wá bá òun dúró. Ẹ bá wa kọ ìyẹn sára ògiri téṣàn. Ní Yorùbá.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn EndSARS ní 2020, ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó ní ìlú yìí, àwọn èèyàn wá, wọ́n sọ̀rọ̀, àwọn kan sunkún. Ìròyìn ìgbìmọ̀ yẹn dára. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ máa ń jókòó lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́, oṣooṣù sì ni àbẹ̀wò májísíréètì. Ẹ pe akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ gíga, ẹ pe kọmíṣánnà ètò ìdájọ́, ẹ bi wọ́n léèrè iye àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n bẹ̀ wò ní oṣù tó kọjá. Bó bá jẹ́ òdo ni, kí wọ́n sọ pé òdo ni, kí a mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá máa gba èrò ará ìlú lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí OSBC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wa, kéde rẹ̀ ní Yorùbá, ní àárọ̀ tí àwọn èèyàn ṣì wà nílé, kí ẹ má sì fi í sí ọ̀sán Jímọ̀. Màá wá. Màá sì mú àwọn méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ti kàn dání, bí ẹ bá lè ṣèlérí fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀lé wọn dé ilé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó ti fẹ̀yìn tì,
Alékùwódò, Òṣogbo.